Ẹ̀rù Fífò Látinú Bàálù: Bí Ẹni Tó Ń Múra Láti Àkúrẹ́ Ṣe Lè Kojú Rẹ̀

Bí o bá sọ ní Àkúrẹ́ pé o fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi páráṣúùtù fò látinú bàálù, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wàá gbọ́ ni "Kí lo lọ ń wá lókè?" Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn ni ìbéèrè tó yẹ, torí ẹ̀rù tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n pọ̀, ohun tó sì ń wo ọ̀kan sàn kì í wo èkejì. Ẹni tó kàn ń sọ fún ara rẹ̀ pé "mi ò gbọdọ̀ bẹ̀rù" ń fi àkókò ṣòfò ni.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń fò, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti kọ́ ọ: South Africa, Dubai, Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà. Torí náà, kí o tó fojú kan bàálù rárá, oṣù mélòó kan wà tí wàá fi máa tọ́jú owó àti ìwé ìrìnnà. Oṣù wọ̀nyẹn ṣeyebíye, mo sì fẹ́ kí o lò wọ́n dáadáa.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ni tandem, níbi tí wọ́n ti ń so ọ́ mọ́ iwájú olùkọ́, tí olùkọ́ náà sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Èkejì ni ẹ̀kọ́ gangan: ìwọ fúnra rẹ lo máa gbé páráṣúùtù tìrẹ kọ́ ẹ̀yìn. Àwọn olùkọ́ méjì lè dì ọ́ mú lọ́tùn-ún lósì ní àwọn ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ló máa fa ohun tó ń ṣí i. Ẹ̀kọ́ gangan yìí ni mò ń sọ̀rọ̀ lé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbà pé ó dára kéèyàn kọ́kọ́ ṣe tandem lẹ́ẹ̀kan.

1. Pe ẹ̀rù náà lórúkọ

Mú bébà àti bíírò. Kọ "Ẹ̀rù ń bà mí pé..." kí o sì parí gbólóhùn náà. Má fi í sílẹ̀ ní "ẹ̀rù ń bà mí" lásán, torí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí ìyẹn. Kọ "ẹ̀rù ń bà mí pé páráṣúùtù ò ní ṣí." Kọ "ẹ̀rù ń bà mí pé ọwọ́ mi á kú lókè, mi ò ní lè fa ohun tó yẹ kí n fà." Kọ "ẹ̀rù ń bà mí pé màmá mi á gbọ́." Kọ ọ́ títí tí kò fi ní ku ọ̀kan.

Tó o bá wá wò wọ́n dáadáa, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Àwọn kan jẹ́ ìbéèrè nípa bí irinṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Àlàyé ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn kan wà lára, wọn ò sí lọ́pọlọ. Àṣetúnṣe ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé, ìjókòó sọ̀rọ̀ nìkan ló sì ń yanjú ọ̀rọ̀ ilé. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń wo fídíò títí tí ẹ̀rù wọn ò sì dín kù ni pé àlàyé ni wọ́n ń fún ẹ̀rù tó ń fẹ́ àṣetúnṣe.

2. Ibi gíga: gun Òkè Ìdànrè, ṣùgbọ́n mọ ohun tí o lọ kọ́

"Òòyì máa ń kọ́ mi tí mo bá dúró síbi gíga, mi ò lè ṣe é." Mo ti gbọ́ èyí ju gbogbo ẹ̀rù yòókù lọ, òun sì ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ jẹ́ kó lọ. Òòyì yẹn máa ń wáyé nígbà tí ohun kan bá so ẹsẹ̀ rẹ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀: ògiri ilé alájà mẹ́ta, àkàbà, etí àpáta. Ojú rẹ ń tẹ̀ lé ògiri náà lọ sílẹ̀, ó ń wọn bó ṣe jìn tó. Nínú bàálù tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 13,000, kò sí ohun tó so ọ́ mọ́ ilẹ̀. Ojú ò rí ohun tó máa fi wọn jíjìn náà. Àwọn kan wà tí wọ́n ti fò ní àìmọye ìgbà tí wọn ò sì fẹ́ràn àtigun àkàbà láti pààrọ̀ gílóòbù.

Kí ló wá dé tí mo fi ní kó o lọ sí Ìdànrè? Nítorí àyà tó ń lù kì kì kì. Ìlú náà ò jìnnà, nǹkan bí kìlómítà 24 sí Àkúrẹ́, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló sì gbé èèyàn dé ìlú àtijọ́ níbi tí ààfin Ọwá wà. Lọ ní àárọ̀ tí oòrùn ò tíì mú, kí o sì jẹ́ kí ẹni tó mọ òkè náà mú ọ lọ. Gùn ún díẹ̀ ju bó ṣe rọrùn fún ọ lọ. Tí itan rẹ bá ti ń gbọ̀n, tí òógùn ti ń wọ ojú rẹ, dúró, yíjú padà, wo ìsàlẹ̀. Fa èémí wọ imú, ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Tú u síta láti ẹnu, kà á dé ẹ̀fà. Lẹ́yìn náà, sọ ohun mẹ́ta tí ojú rẹ ń rí sókè ketekete: òrùlé páànù, ọ̀nà ọlọ́dà, igi ọ̀pẹ. Tún un ṣe ní ibi ìsinmi tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ò ń kọ́ ara rẹ ni pé àyà lè máa já kí ọwọ́ àti ẹnu sì ṣì gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Ìyẹn lo máa nílò lẹ́nu ọ̀nà bàálù. Má sún mọ́ etí àpáta láti fi dán ara rẹ wò o, pàápàá nígbà òjò tí àpáta ń yọ̀.

3. "Tí kò bá wá ṣí ńkọ́?"

Ìbéèrè ni èyí, ó sì ní ìdáhùn. Jókòó tì í.

Méjì ni páráṣúùtù tó wà nínú àpò ẹ̀yìn rẹ. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wàá ṣí lójoojúmọ́. Èkejì wà fún ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá dá wàhálà sílẹ̀, kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ló ń dì í. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ yẹn ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí wọ́n tú èkejì yìí kí wọ́n sì tún un dì ní ọjọ́ 180, ì báà jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lò ó rí. Káàdì kan máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n dì í àti ẹni tó dì í. Béèrè fún un: "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ṣé mo lè rí káàdì páráṣúùtù kejì?" Ilé ẹ̀kọ́ tó dára á yọ ọ́ hàn ọ́ tayọ̀tayọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀rín bo ìbéèrè yẹn mọ́lẹ̀, gba owó rẹ padà.

Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà nínú àpò náà tí wọ́n ń pè ní AAD. Ó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó láti mọ bí o ṣe ga sí ilẹ̀. Bí o bá ti sọ̀kalẹ̀ jù, tó sì rí i pé eré àjábọ́ (eré ẹni tí páráṣúùtù rẹ̀ ò tíì ṣí) lo ṣì ń bá lọ, òun fúnra rẹ̀ á ṣí páráṣúùtù kejì. Ọ̀kan tó lókìkí jù nínú wọn ni CYPRES tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tó jáde ní ọdún 1991. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í fò láìsí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó dákú lókè, tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè gbéra, ìyẹn ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún. Ṣùgbọ́n má gbára lé e. Ìwọ lo ni iṣẹ́ náà.

Ohun kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ̀: páráṣúùtù kì í sábà "kọ̀ láti ṣí." Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ó ṣí, ṣùgbọ́n kò gún. Okùn lè lọ́ mọ́ra; wàá di àwọn ìjá tó so ọ́ mọ́ páráṣúùtù lókè orí rẹ mú, wàá yà wọ́n síra, wàá sì máa fẹsẹ̀ ta títí yóò fi tú. Ìpẹ̀kun apá kan lè má tíì kún fún afẹ́fẹ́. Wàá fa ìdarí méjèèjì, ìyẹn ohun tí wàá fi máa yí páráṣúùtù, wálẹ̀, á sì kún. Wọ́n á kọ́ ọ láti bi ara rẹ ní ohun mẹ́ta lójú ẹsẹ̀ tó bá ti ṣí: Ṣé ó wà lókè orí mi? Ṣé igun rẹ̀ pé? Ṣé ó ń gbọ́ ìdarí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mẹ́ta, máa fò lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tí o sì ti sọ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,500, kò sí àròjinlẹ̀ mọ́: wàá já àkọ́kọ́ dànù, wàá ṣí èkejì.

USPA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fò ní Amẹ́ríkà, máa ń ka iye àwọn tó bá kú sínú eré yìí lọ́dọọdún. Ní 2023, èèyàn 10 ni, nínú fífò tó lé ní mílíọ̀nù 3.6. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìpíndọ́gba wọn lé ní 40 lọ́dún, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń fò nígbà náà ò tó ti ìsinsìnyí. Mi ò fi èyí sọ pé kò séwu. Ewu wà, ẹni tó bá sì sọ fún ọ pé kò sí, má bá a lọ. Ṣùgbọ́n kò kéré nínú àwọn tó ń kú láyé ìsinsìnyí tó jẹ́ pé páráṣúùtù wọn ti ṣí dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń fi eré yí po nítòsí ilẹ̀ ló pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó mú díẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rù ṣíṣí, kó fi kún ìṣọ́ra ìbalẹ̀.

4. "Ọwọ́ mi á kú"

Àlàyé ò ràn án. Àṣetúnṣe ni wàá lò, orí ẹní nínú pálọ̀ yín lo sì ti lè bẹ̀rẹ̀.

Dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ti ìbàdí rẹ mọ́lẹ̀, gbé àyà àti orí sókè, ká ẹsẹ̀ rẹ díẹ̀ ní orúnkún, na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí pẹ̀lú ìgúnpá tó ká. Dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí o sì máa mí. Rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kì í di eyín pọ̀, ara rẹ̀ ò sì ní le gbagidi. Bí ìbàdí bá ti wà nísàlẹ̀ ju apá àti ẹsẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ á dá ikùn rẹ kọ ilẹ̀. Nígbà mìíràn tó o bá wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀wọ̀, na àtẹ́lẹwọ́ rẹ díẹ̀ síta fèrèsé níbi tí kò séwu, kí o yí i díẹ̀díẹ̀, wàá rí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e sókè tó sì ń tì í wálẹ̀. Bí gbogbo ara rẹ ṣe máa rí lókè nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́ ọwọ́ rẹ. Wo ọrùn ọwọ́ rẹ òsì, níbi tí aago tó ń sọ bí o ṣe ga tó máa wà, tí wọ́n ń pè ní àltímítà. Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí: láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ojú rẹ gbọ́dọ̀ padà sí aago náà. Ká sọ pé o ti dé ibi tó yẹ kó o ti ṣí i. Na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn ìdí, níbi tí ìdìmú máa ń wà ní ìsàlẹ̀ àpò, kí ọwọ́ òsì sì lọ sókè orí kí ara má baà yí, kí o wá fà á jù nù. Sọ ọ́ lẹ́nu: "Ara ká, wò ó, nà án, fà á."

Ti pàjáwìrì náà ń fẹ́ àṣetúnṣe. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìdìmú pupa máa ń wà ní àyà ọ̀tún láti já àkọ́kọ́ dànù, èyí tó ń ṣí èkejì sì wà ní àyà òsì. Ojú ló ń ṣáájú ọwọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bí tirẹ̀ ṣe rí. Ọjọ́ tí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, tiwọn ni kó o tẹ̀ lé, kí o sì gbàgbé ohunkóhun tó bá takò ó, títí kan èyí tí mo kọ yìí.

Àbúrò mi kan ní Ọ̀bá-Ilé bá mi ṣe nǹkan kan tó dùn mọ́ mi. Mo wà lórí ẹní, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń ké, òun ń rìn káàkiri lórí mi, ó kàn máa pariwo lójijì: "Okùn lọ́!" Màá na ọwọ́ sókè, màá fẹsẹ̀ ta. "Kò gbọ́ ìdarí!" Màá wo pupa, màá dì í mú, màá wo òsì, màá dì í mú, màá fa pupa, màá fa òsì. Nígbà mìíràn ó máa ń dákẹ́ títí, kó tó wá pariwo nígbà tí mo ti ń rò pé ó ti parí. Wá ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ariwo jẹnẹrétọ̀ yẹn gan-an wúlò, torí inú ariwo lo ti máa ṣe é.

Láàárín àjábọ́, olùkọ́ ò lè bá ọ sọ̀rọ̀ torí afẹ́fẹ́. Ìka ló máa fi sọ̀rọ̀. Ìka kan tó nà sí ọ túmọ̀ sí pé kó o ṣí páráṣúùtù. Ìka méjì tó nà túmọ̀ sí pé kó o na ẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́ ọ ní ìyókù níbi ẹ̀kọ́ orí ilẹ̀ tó máa ń ṣáájú wíwọ bàálù, tó sábà máa ń gba odindi ọjọ́ kan.

5. Mímí, inú, etí

Wàá lè mí. Eré rẹ á tó nǹkan bí kìlómítà 190 láàárín wákàtí kan, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ tó o nílò wà níbẹ̀. Ẹni tó ní òun ò rí èémí fà, òun ló di èémí náà mú. Kígbe nígbà tí o bá ń jáde, ọ̀nà ọ̀fun á ṣí. Inú ò sì ní yọ́ bí ìgbà tí mọ́tò bá já wọ kòtò, torí bàálù náà ti ń sáré lọ síwájú kó o tó jáde. Kì í ṣe ìdúró lo ti bọ́ sínú eré. Bí ọ̀fìnkìn bá ń mú ọ, sún un síwájú, etí á dùn ọ́ gan-an. Ọtí, rárá, láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Má lọ lébi, má sì lọ pẹ̀lú iyán àjẹyó. Ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà díẹ̀ tó.

6. Ilé

Àwọn kan á ní kó o lọ ní ìkọ̀kọ̀, kí o wá fi fídíò ránṣẹ́ tó o bá ti balẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Ohun tó o fi pamọ́ fún màmá rẹ á bá ọ wọ bàálù. Lọ bá wọn ní àkókò tí ara wọn balẹ̀, kì í ṣe nígbà tí wọ́n ń ka owó ọjà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kó tó di pé ẹlòmíràn sọ ọ́ fún yín."

Wọ́n lè ní Ọlọ́run ò fi ìyẹ́ dá ọ. Wọ́n lè ní àwọn ayé ń wo ọ́. Má jiyàn, má sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àwọn tó kú àti àwọn tí kò kú fún wọn. Kò sí ìyá tó ń fi ìṣirò fọkàn balẹ̀. Fi àwòrán páráṣúùtù kejì hàn wọ́n lórí fóònù. Sọ ọjọ́, sọ ìlú, sọ orúkọ ẹni tó máa wà níbẹ̀ tó sì máa pè wọ́n bí o bá ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà sí ọ lórí, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí o sì ṣe àmín. Má ṣèlérí pé kò séwu. Kí o tó sanwó ìrìnnà, ka ìwé ìbánigbófò rẹ dáadáa. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò bo fífò látinú bàálù mọ́lẹ̀ àfi tí o bá sanwó lé e.

7. Ẹnu ọ̀nà

Bàálù náà kéré, ilẹ̀ rẹ̀ tàbí àga gígùn lẹ máa jókòó lé. Ẹ ó gòkè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ibẹ̀ ló ti máa ń le jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Walter Fenz àti Seymour Epstein, wọn bí ọkàn àwọn tó ń fò ṣe ń lù àti bí wọ́n ṣe ń mí. Ti àwọn tuntun ń gòkè ṣáá títí di ìgbà tí wọ́n fò. Ti àwọn tó ti mọ̀ ọ́n gòkè pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó tètè gòkè, ó sì ti ń rọlẹ̀ kó tó kan fífò gan-an. Àwọn ọ̀gá náà ń bẹ̀rù o. Ẹ̀rù tiwọn kàn ti ṣíwájú dé, ó ti kọjá lọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Torí náà, nígbà tí bàálù bá ń gòkè, fún ẹ̀rù náà láyè. Èémí mẹ́rin wọlé, mẹ́fà jáde, bí ti Ìdànrè. Pa ojú dé lẹ́ẹ̀kan, kí o rin gbogbo fífò náà lọ́kàn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ilẹ̀, kí ọwọ́ rẹ máa mira díẹ̀ bí o ṣe ń fà á. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, òtútù á kọ lu ojú rẹ, ariwo á dì. Má wo ìsàlẹ̀. Wo ibi tí sánmà ti pàdé ilẹ̀, wo ojú olùkọ́, ṣe ohun tó kàn nìkan.

Bí ara rẹ bá kọ̀ pátápátá, sọ ọ́, kí o sì mi orí. Wàá bá bàálù padà sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ ni, o ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé, ilé ẹ̀kọ́ tó bá sì ń fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bẹ́ẹ̀ ò yẹ ní ibi tí èèyàn ń fi ẹ̀mí rẹ̀ sí.

8. Ilẹ̀

Páráṣúùtù akẹ́kọ̀ọ́ tóbi, ó sì ń rọra lọ. Ìdarí méjì wà lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀tún á yí ọ sọ́tùn-ún, òsì á yí ọ sósì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n á máa fi rédíò inú akoto bá ọ sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀. Dojú kọ afẹ́fẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti sún mọ́, má yí mọ́ rárá, ì báà jẹ́ pé o máa balẹ̀ sínú pápá ọlọ́pọ̀ koríko tó jìnnà sí àwọn yòókù. Rírìn padà dára ju yíyí lọ. Fa ìdarí méjèèjì wálẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ. Pa ẹsẹ̀ àti orúnkún pọ̀, má na ọwọ́ síwájú láti gba ilẹ̀, torí ọrùn ọwọ́ ló máa ń dá. Bí o bá ṣubú, jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, itan àti ìbàdí gbà á.

9. Ìwé àkọsílẹ̀

Kó páráṣúùtù rẹ jọ kí afẹ́fẹ́ má wọ́ ọ lọ, fóònù màmá rẹ ló kàn. Ní ọjọ́ kan náà, wọ́n á fún ọ ní ìwé tí wàá máa kọ gbogbo fífò rẹ sí. Ní Amẹ́ríkà, ó kéré tán 25 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó o tó gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́. Má kọ bó ṣe ga tó àti ọjọ́ nìkan. Kọ ibi tí ẹ̀rù ti dé: ṣé nígbà tí ẹ wọ bàálù ni, ṣé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ṣé nígbà tí ilẹ̀ sún mọ́? Kí ni ọwọ́ rẹ ṣe nígbà yẹn? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rí i pé ìgbà kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ara ti mọ ohun tó ń bọ̀. Fi ohun tó o kọ han olùkọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ fífò kejì, kó tó di pé ẹ wọ aṣọ, kó lè mọ ibi tó máa ti dì ọ́ mú.